Báàgì Mẹ́sàn-án Tí Mo Hun ní Ìtamágà

Àwọn ará ilé wa ní Ẹdẹ gbà pé ẹni tó bá ti dé Ìkòròdú ti dé Èkó, ẹni tó bá sì ti dé Èkó, owó ti dé bá a nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ni mo fi gbé ní Ìtamágà, ní Ìkòròdú, kí n tó fẹsẹ̀ kan ilé fún ìgbà àkọ́kọ́, ìrìn náà ò sì ju ìdajì ọjọ́ lọ. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ká ní òkun ló wà láàárín èmi àti màmá mi ni, ǹ bá rí nǹkan di ẹ̀bi rù.

Ìjà ni mo bá kúrò nílé. Màmá ló kọ́ mi níṣẹ́ híhun láti kékeré, pẹ̀lú irin sípóòkù kẹ̀kẹ́ méjì tí wọ́n lọ̀ lórí òkúta títí ẹnu rẹ̀ fi dán. Fìlà ọmọ tuntun àti ìbọ̀sẹ̀ là ń hun tà. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ti òkèèrè tí kò wọ́n, ọjà wa kú fin-ín fin-ín. Mo ní mò ń lọ sí Èkó lọ máa hun báàgì.

Màmá ní, "Báàgì? Ta ló fẹ́ fi wúùlù gbé gàrí? Kí lo fẹ́ hun níbẹ̀ tó ò lè hun níbí?"

Inú bí mi. Ẹnu tèmi náà sì rèé, kò ní sípù. Mo ní, "Ẹ ò ní fojú kàn mí mọ́ àfi ọjọ́ tí mo bá dèèyàn."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ó da. Ọlọ́run á jẹ́ kí n ṣì wà lọ́jọ́ náà." Mo gbé ẹrù mi, n kò wẹ̀yìn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ìkòròdú kì í ṣe ariwo, omi ni. Omi kànga ilé tí mo gbé pọ́n, ó sì ń rùn bí irin tó dípẹtà. Mo fi fọ híjáàbù funfun kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, funfun rẹ̀ ò padà wá mọ́. Èkejì ni ìkíni. Ní Ẹdẹ, bí o bá kí èèyàn láàárọ̀, ó máa bi ọ́ bóyá o sùn dáadáa, ó máa bèèrè ìyá ẹ, ó máa bèèrè ẹsẹ̀ ìyá ẹ tó ń dùn wọ́n. Níbí, mo kí ọkùnrin kan ní òpópónà wa, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ẹ́síteètì tí wọ́n máa ń wa mọ́tò jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó sọ̀ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀, ó ní òun ò ní ṣéńjì. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. Ìkíni ni mo kí i o!

Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé wa, márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Àlhájà tó ni ilé náà jẹ́ ọmọ bíbí Ìkòròdú. Tí òun àti àbúrò rẹ̀ bá ń sọ èdè tiwọn, ìdajì ni mo máa ń gbọ́. Ará òkè ló ń pè mí. "Ará òkè, o ti tún fi omi ṣòfò." "Ará òkè, ìwọ náà jáde síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí ẹ." Ìyá Sùkúrà, ará Ìwó, tó ń ta ọṣẹ àti kànìnkànìn, ló wà ní yàrá tó kàn mí. Òun nìkan ló máa ń pe orúkọ mi ní bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Mo fún ẹ̀gbọ́n mi ní nọ́ńbà rẹ̀, torí iná mànàmáná wa ò ṣeé gbọ́kàn lé, fóònù mi sì lè kú fún ọjọ́ méjì.

Ẹni àkọ́kọ́ tó ra báàgì lọ́wọ́ mi ní bọ́síìtọ́ọ̀bù Àgíríìkì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Ó dé pẹ̀lú ariwo.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó! Àná, ìbàdí mi ló mọ. Lónìí, ó ti dé orúnkún!"

Mo ní, "Kí lẹ kó sínú ẹ̀?"

"Iṣu mẹ́ta."

"Iṣu mẹ́ta, nínú wúùlù? Ẹ̀yin náà ẹ̀!"

"Ṣebí báàgì lẹ pè é! Ṣé kí n máa kó àdúrà sínú ẹ̀ ni?"

Gbogbo àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo dá owó rẹ̀ padà torí òótọ́ ló sọ. Màmá mi náà ti sọ ọ́ kí n tó kúrò nílé, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí wọ egungun. Ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò pe ilé.

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti rí ojútùú. Ẹnì kan tó ń ta ẹja ní Àgíríìkì ló ní kí n lọ wo okùn àwọ̀n. Mo bá ìyá àgbà kan létí ọ̀sà níbẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ní kí lèmi tí kò ní ọkọ̀ ojú omi fẹ́ fi okùn àwọ̀n ṣe. Mo mú báàgì mi jáde. Ó fi ọwọ́ méjì fà á, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ó ní, "Ọmọ mi, èyí ò lè gbé ẹja kan délé. Ojú gbogbo rẹ̀ di ara wọn mú. Tí ọ̀kan bá ti já, gbogbo ẹ̀ ló máa tú. Wò ó." Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń so ojú àwọ̀n ní kókó, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá já, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dúró gbọn-in. Mo jókòó tì í di ọ̀sán. Ìka mi bó.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"Ìgbà wo lo rí wọn kẹ́yìn?"

Mo ní, "Oṣù tó kọjá." Irọ́ ńlá. Ọdún kan ààbọ̀ ti lọ nígbà yẹn. Ó ṣàdúrà fún màmá mi, mo sì ń ṣe àmín bí ọmọ gidi. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà, nígbà tá a kọjá Àgbọ̀wá tí mo rí oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún lósì, omi bọ́ lójú mi. Mo ní eruku ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi okùn àwọ̀n so ìdí báàgì mi àti ọwọ́ rẹ̀ ní kókó, tí mo sì ń fi wúùlù aláwọ̀ mèremère hun òkè rẹ̀. Mo ki bíríkì mẹ́rin sínú ọ̀kan, mo fi kọ́ ìṣó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò fà. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú yàrá, èmi nìkan. Olùkọ́ kan ra méjì. Obìnrin kan láti ẹ́síteètì béèrè bóyá òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá, mo ní rárá mà, Ìtamágà ni. Ó ná an wá sílẹ̀ kíá.

Mo ń jẹun, mo ń san owó ilé. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn tí mo ní mo máa dà rèé? Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, ìṣó kan tí mo fi báàgì kọ́. Mo máa ń ronú pé kí n ní ṣọ́ọ̀bù ná, kí n tó lọ sílé. Tó bá tún yá, mo máa ní kí n ra aṣọ tó dáa fún Màmá ná. N kì í ṣe ará Ìkòròdú, Àlhájà ò jẹ́ kí n gbàgbé ìyẹn. Ilé tí mo sì ti wá, mo ti fi ẹnu ara mi ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Màmá ò sọ pé kí n wá rí. Lórí fóònù, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni, "Ṣé o ti jẹun?" Tí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí, wọ́n á gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ràṣídì. Bọ̀dá Ràṣídì ló ń fẹ́ kí n wálé, ó sì lè purọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pè mí pé ara Màmá ò yá, kí n máa bọ̀ kíákíá. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń bá adìẹ jà. Ìgbà kejì, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ráyè ṣiṣẹ́."

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà nípa ara mi, torí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. N kì í gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn lásán. Nígbà kan tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, Àlhájà fi owó oògùn rán Ìyá Sùkúrà sí mi. Mo fi ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n rìn dé yàrá rẹ̀, mo dá a padà. Mo ní mo dúpẹ́, mo ní owó. N kò ní. Àlhájà wò mí, ó ní, "Ará òkè, orí ẹ le ju òkúta lọ."

Ó wá di ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Àlhájà, tí kì í ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ayálégbé, wọ yàrá mi, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun fẹ́ báàgì ńlá kan, aláwọ̀ ewé, òun sì ń san owó rẹ̀ tán lójú ẹsẹ̀. Kò ná an. Bó ṣe jáde ni Ìyá Sùkúrà wọlé, ó ní òun fẹ́ méjì, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún Sùkúrà. Ìyá Sùkúrà yìí, tó máa ń ná ata títí ẹni tó ń tà á á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́! Òun náà ò ná an. Kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀kùn mi ò ráyè. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọkùnrin tó wà ní yàrá kẹrin ń tún ṣe, òun náà ní òun fẹ́ báàgì obìnrin. Mo bi í, "Fún ìyàwó wo?" Ó ní kí n máa hun ún ná, ìyàwó ń bọ̀. Báàgì mẹ́sàn-án, owó gbogbo rẹ̀ pé.

Ṣé ẹ rí i, ó yẹ kí n fura. Ṣùgbọ́n ìdùnnú ò jẹ́. Mo ní ọjọ́ tí mo máa dèèyàn ti dé. Mo pe ilé, mo ń pariwo lórí fóònù pé owó ti dé.

Bọ̀dá Ràṣídì ní, "Ó dáa. Bówó ti wà báyìí, wọkọ̀ lọ́la kó o yọjú. Màmá ń bèèrè ẹ."

Mo ní, "Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

"Èmi ò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Wálé ṣáá."

"Ẹ gbé fóònù fún wọn." Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn Màmá, ó wúwo, ó ń fà, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. "Ṣé o... ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun. Mo ní mo gba iṣẹ́ báàgì mẹ́sàn-án lóòjọ́, pé mo ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á rí mi. Wọ́n sọ nǹkan kan tí n kò gbọ́ dáadáa. Mo rò pé oorun ni.

Mo jókòó ti iṣẹ́ náà. Láàárọ̀ Túsìdeè, Ìyá Sùkúrà dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. "Fi tèmi sílẹ̀ ná, jàre. Lọ rí ìyá ẹ, kó o wá hun ún tó o bá dé."

"Kí ẹ lè máa sọ káàkiri pé mo kówó yín sá lọ?"

"Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀? Àní kó o máa lọ!"

"Ìyá Sùkúrà, iṣẹ́ tí mo ti gbowó ẹ̀, mo máa ṣe é."

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Àlhájà ní òun ò nílò báàgì títí di iléyá. Ọkùnrin yàrá kẹrin ní òun ti yí ọkàn padà, kí n mú owó náà, kí n má hun nǹkan kan. Mo bínú sí i, mo bi í bóyá ó rò pé alágbe ni mí. Lọ́jọ́ kẹrin, mo rí ojú kan tó jábọ́ nínú báàgì Àlhájà, nísàlẹ̀ pátápátá, ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, okùn tán, mo sì lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ ra òmíràn, odindi ọjọ́ kan. Ìyá àgbà yẹn ní ojú mi ń dán. Mo ní mò ń lọ sílé ni.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Mọ́ńdè ni, Ìyá Sùkúrà wọlé lọ́sàn-án, ó jókòó sílẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní ojú ló ń dun òun. Mo ní kó lọ fi omi tútù bọ́ ọ, mo sì ń bá híhun mi lọ.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni mo parí. Mo pín báàgì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láti yàrá dé yàrá. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àlhájà gba tirẹ̀, ó fi ọwọ́ kan orí mi, ó ní Ọlọ́run á wà pẹ̀lú mi. Mo rò pé ìrìn àjò ló ń ṣàdúrà fún.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ kejì, ẹní ni mo kọ́kọ́ rí níwájú ilé wa ní Ẹdẹ. Wọ́n tẹ́ ẹ, àwọn obìnrin àdúgbò jókòó sórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀. Mo ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìnkùlé, iyẹ̀pẹ̀ sàréè náà ṣì tutù.

N kò lè sọ bí mo ṣe ké. Nígbà tí ohùn mi há tán, Bọ̀dá Ràṣídì jókòó tì mí. Ó ní, "Kí ló dá ẹ dúró? Ṣé owó ọkọ̀ tí wọ́n wá fún ẹ ò tó ni?"

"Owó ọkọ̀ wo?"

"Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo pe Ìyá Sùkúrà. Mo ní Màmá ṣubú, rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan wọn, dókítà sì ti ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹ o, o lè dákú sójú ọ̀nà. Kí wọ́n ṣáà wá ọgbọ́n tí wàá fi wọkọ̀. Ìyá Sùkúrà ní o ò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnì kankan, àmọ́ gbogbo ilé máa wá nǹkan ṣe sí i."

Mo ní, "Báàgì ni wọ́n rà."

Kò yé e. Ó ní, "Báàgì wo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n fún un. Àlhájà, ọ̀kan. Ìyá Sùkúrà, méjì. Ọkùnrin tí kò níyàwó. Bí mo ṣe ń kà á ló ń yé èmi náà. Mo bi Bọ̀dá ní ọjọ́ tí Màmá kú. Ó ní Mọ́ńdè tó kọjá, lọ́sàn-án. Mo ní ṣé wọ́n mọ èèyàn títí dé ìparí? Ó ní kí n má bèèrè ìyẹn. Mo ní kó sọ ọ́.

"Títí di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n mọ èèyàn. Tí ilẹ̀kùn ìta bá ti dún, wọ́n á wojú ọ̀nà, wọ́n á ní ṣé ìwọ lo dé."

Ọjọ́ karùn-ún, Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, mò ń yan àwọ̀ okùn.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ni mo padà sí Ìtamágà. N kò mọ ibòmíràn tí mo lè lọ. Mo kọjú sí Àlhájà àti Ìyá Sùkúrà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọdé sọ sí àgbà. Mo ní wọ́n pa mí. Wọn ò bínú. Ìyá Sùkúrà ń sunkún.

Àlhájà ní, "Ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ lórí àjò? Ká sọ ọ́ kó o lọ ṣubú sábẹ́ mọ́tò? Ká ní a gbé owó fún ẹ lọ́wọ́, ṣé wàá gbà á?"

Ó mọ̀ pé n kò ní gbà á. Ó dùn mí pé ohun tí wọ́n ṣe yẹn, ohun tí àwọn èèyàn tèmi ní Ẹdẹ máa ṣe náà nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ráhùn pé wọ́n ń ṣe mí ní àlejò nínú ilé yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n wá ṣe mí bí ọmọ wọn, n kò mọ̀.

Mo padà sídìí iṣẹ́, torí èèyàn gbọ́dọ̀ jẹun. Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Àlhájà pe gbogbo wa sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní wọ́n pe òun láti Ògbómọ̀ṣọ́, pé bàbá Ṣẹ́gun ń lọ. Ṣẹ́gun ni bíríkìlà tó gba yàrá kẹfà, kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa, ó sì ti tó oṣù méjì tí kò ríṣẹ́.

Àlhájà ní, "Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ o. Mo ti ní kó bá mi rẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, mo ti fún un lówó ẹ̀. Ìyẹn á tó owó ọkọ̀ fún un. Tó bá parí, a ó ní kó lọ sinmi nílé."

Gbogbo wọn ń mi orí. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Mo gba ẹ̀yìn jáde. Ṣẹ́gun ti po sìmẹ́ǹtì, ó ti rẹ́ bí ìwọ̀n ilẹ̀kùn kan, ó sì ń súfèé. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Oníbáàgì, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Mo ní, "Ju nǹkan ọwọ́ ẹ sílẹ̀."

"Kí ló dé? Sìmẹ́ǹtì yìí máa gan o."

"Jẹ́ kó gan. Bàbá ẹ ń kú lọ, Ṣẹ́gun. Wọn ò tíì kú. Lọ wọkọ̀ báyìí."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó kúrò. Ó bi mí, "Ta ló rán yín sí mi?" Lẹ́yìn náà ló pariwo, ó ṣépè fún mi, ó fi ọwọ́ sìmẹ́ǹtì di orí mú. Àlhájà sáré jáde, ó ní, "Ará òkè! Ṣé orí ẹ dá ṣáṣá báyìí?" Ṣẹ́gun ti ń sá lọ sí ọ̀nà títì, kò wẹ ẹsẹ̀, kò pààrọ̀ aṣọ.

Àwọn ará ilé ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa fún oṣù méjì. Ìyá Sùkúrà pàápàá ní ìwà ìkà ni mo hù. Ṣẹ́gun padà wá lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó ẹrù rẹ̀, ó kúrò. Tá a bá pàdé ní Àgíríìkì báyìí, ó máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í kí mi. N kò bá a jà. Ó bá bàbá ẹ̀ láàyè.